Ẹni Tí Yóò Máa Pe Màmá Lórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní tèmi, ilé náà gan-an ni òkun ń gbé lọ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí mi, nítorí náà ohun tí Màmá, ìyá bàbá mi, rí wò kò pọ̀. Ilé ìdáná ti lọ, yàrá ẹ̀yìn ti lọ, yàrá kan ṣoṣo ló dúró lórí yanrìn Àràròmí, inú rẹ̀ ni ìyá mi sì bí mi sí. Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, tí oníkálukú ń mú orúkọ aládùn wá, Màmá ní òun ti ní tòun: Ilẹ̀ṣẹ́kù. Wọ́n ní irú orúkọ wo nìyẹn. Ó ní orúkọ ọmọ òun ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́ mi lára.

Kí ènìyàn máa jẹ́ Ilẹ̀ṣẹ́kù ní ìlú tí òkun ń jẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àmọ́ ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa fi ṣe. Bí mo bá ti yọ, wọn á béèrè pé, “Ó ku ẹsẹ̀ bàtà mélòó lónìí o?” Èmi náà kì í gbà fún wọn, mo máa ń gé ènìyàn jẹ nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún mi tí pásítọ̀ fún mi ní orúkọ inú Bíbélì, mo dì í mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ ṣe ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Orúkọ yẹn ni mo gbé dé Igbókọ̀dá, níbi tí mo ti ń ránṣọ títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi kò mọ̀ pé mo ní òmíràn.

Màmá nìkan ni kò gbà. Òun ló tọ́ mi, torí pé lásìkò ẹja, àwọn òbí mi kì í sí nílé. Láràárọ̀, kí ó tó fi iná sí ààrò tó fi ń yan ẹja, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, yóò kọjú sí omi, yóò sì ké pé, “Ilẹ̀ṣẹ́kù o!” Ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ ni mo sùn sí o! Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo gbà lọ́kàn mi pé òkun ló ń sọ fún, pé èmi ni ògiri tí ó mọ dí i. Ó máa ń rẹ̀ mí, èmi ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí mo fẹ́ràn máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ Màmá kan, tí wọ́n jọ ṣe ọmọge, ni ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Gbogbo ayé ló ní ohun tí wọ́n ń pe Màmá: Ìyá Àgbà, Ìyá Ẹlẹ́ja. Bàbá àgbà pàápàá, kí ó tó kú, “Ìyá àwọn ọmọ mi” ló ń pè é. A kì í pe àgbà lórúkọ, ta ni yóò dán an wò? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí nìkan ni. Yóò ti ìta ilé rẹ̀ ké orúkọ tí wọ́n sọ Màmá lọ́mọ ọwọ́, láìfi “ìyá” kankan síwájú rẹ̀, Màmá á sì dáhùn pé, “Ooo!” ní ohùn ọmọdébìnrin. Mo máa ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ ìbora. Lọ́jọ́ kan, mo sọ orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú korobá omi kí n lè gbọ́ bí yóò ṣe dún lẹ́nu mi, mo sì yára bojú wẹ̀yìn.

Òkun gbé ilé ọ̀rẹ́ náà lọ nígbà tó yá. Ọmọ rẹ̀ wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú Zion Pepe, ibẹ̀ ló sì kú sí. Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ti pè mí tán, kò sí ẹni tó ń pe òun náà.

Ní ọdún tó kọjá ni omi dé ẹnu ọ̀nà Màmá fúnra rẹ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kúrò, kò gbà. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, Màmá bá a ṣe àmín, ó sì jókòó síbi tó wà. Àwọn kan ní sàréè bàbá àgbà ni kò fẹ́ fi sílẹ̀, àwọn kan ní agídí àgbà ni. Àbúrò bàbá mi ní ọ̀rọ̀ orúkọ mi ni. Ó ní, “Ó gbà pé orúkọ tí òun sọ ọ́ ló ń dá òkun dúró. Ìwọ ni kí o lọ bá a.” Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Inú bí mi, mo wọ ọkọ̀ ẹ́ńjínnì, mo lọ.

Mo bá a níwájú ààrò tí kò ní ẹja lórí. Ògiri ẹ̀yìn ti wó, tapólì ni wọ́n ta bò ó. Ó fún mi ní púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, kò sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ títí mo fi jẹun tán.

Mo ní, “Màmá, orúkọ kò lè dá òkun dúró.”

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. “Ta ló fi mí ṣe òmùgọ̀ báyìí? Ọma mi, mo mọ òkun kí n tó bí bàbá rẹ. Ọpẹ́ ni mo fi orúkọ rẹ dá. Ilẹ̀ ṣẹ́ kù tí a tẹ́ ọ sí. Bí kò bá kù ńkọ́, ṣé orí omi ni à bá gbé ọ lé?”

“Kí ló dé tí ẹ fi ń ké e sí òkun láràárọ̀?”

“Sí òkun? Ìwọ ni mò ń pè! Mo fẹ́ kí o gbọ́ orúkọ rẹ kí o tó gbọ́ ohun mìíràn.”

Gbogbo ọdún tí mo fi ru òkun lórí, kò sẹ́ni tó dì í rù mí.

Mo béèrè pé kí ló wá dá a dúró nínú ilé tó ń wó. Òun náà bi mí ní tirẹ̀.

“Ní Igbókọ̀dá, kí ni wọn ó máa pè mí?”

“Màmá ni.”

“Gbogbo obìnrin tó hu ewú ni Màmá. Láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí lórúkọ mọ́. Níbí, bí mo bá jí tí mo wo apá ibi tí ilé rẹ̀ wà, ó ń ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí mo bá kúrò, orúkọ tí ìyá mi sọ mí ti parí. Yóò ṣáájú mi kú.”

Gbogbo wa tí a ń bẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó ronú kan ìyẹn. Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un tó, bẹ́ẹ̀ náà ni a ò ṣe pè é lórúkọ.

Ó ní, “Ìwọ pè mí.”

“Màmá! Èèwọ̀!”

“Èmi tí mo ni orúkọ ni mo ní kí o pè é.”

Mo jáde. Òkun ti fà sẹ́yìn díẹ̀, mo lọ dúró lápá ibi tí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, omi ń fọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo pè é jẹ́jẹ́. Ó kígbe láti inú ilé pé òun ò gbọ́, pé ọ̀rẹ́ òun kì í sọ̀rọ̀ sínú. Mo mí kanlẹ̀, mo ké e, láìfi “ìyá” síwájú rẹ̀. Obìnrin kan tó ń sá edé ká ọwọ́ lérí.

“Ooo!” Ohùn ọmọdébìnrin yẹn ni. Mo sunkún níbẹ̀ láìtijú.

Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti ń ká àwọn aṣọ rẹ̀. Ó ní kí n wá ẹni tí yóò gbé àwọ̀n ààrò òun sínú ọkọ̀.

Yàrá kan náà la jọ wà báyìí ní Igbókọ̀dá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá ti ilẹ̀kùn, kí àwọn ará ilé má baà sọ mí di ọmọ burúkú, màá sì pè é. Òun náà á pe Ilẹ̀ṣẹ́kù. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, èmi nìkan ló gbà láyè.

Láàárọ̀ yìí mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é, ohùn mi sì gbọ̀n.

“Ooo!” Ó ní òun ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó kàn wu òun kí òun tún gbọ́ ọ ni.