Ìka Mẹ́ta Àǹtí Mi

Aránṣọ ni àǹtí mi. Bàbá wa ló kọ́ ọ. Bàbá kú lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. N kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù já lu Àǹtí, ó gé e lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà rán iṣan àti awọ ibẹ̀. Nígbà tó jinná, ìka ń ká, ìka ń nà. A ní ó ti bùṣe.

Ìka tútù làwa aránṣọ fi ń dán áyọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti gbóná. Lọ́jọ́ kan, Àǹtí fi itọ́ sí ìka ìfábẹ̀lá, ó fi kàn án. Kò fà á padà. Èmi ni mo gbóòórùn.

"Àǹtí! Ọwọ́ yín ń jó!"

"Ọwọ́ ta ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà kan nílé ìwòsàn ló là á yé wa. Ó ní ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn ni ilé. Iṣan tó jáde níbẹ̀ ló ń rìn ká ara. Òmíràn ń gbé àṣẹ lọ, òmíràn ń gbé ìròyìn bọ̀. Ẹran tó ń ká ìka, apá ló wà, ó ti gba àṣẹ tiẹ̀ lókè ibi tí gíláàsì gé. Ìròyìn àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni kò rọ́nà kọjá. Àwọn iṣan kan tún wà tí kì í dúró gbàṣẹ wa, àwọn ló ń mú ọkàn yára, tó ń mú un rọra.

Mo bi í bóyá àwọn yẹn ló ṣe Bàbá. Ó ní òun kò mọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé kò purọ́.

"Ṣé màá tún ránṣọ?" Àǹtí béèrè.

"Iṣan tí a rán ń hù, bí orí pínnì kan lóòjọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

"Kí ẹlẹ́dẹ̀ náà yáa sáré o, oníbàárà ń bọ̀."

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, mo ń fi ìka gbá a lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ibi tó bá ti ta á ṣìnìnì ni iṣan hù dé; mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà.

"Ṣé ṣòkòtò lo fẹ́ rán fún mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú.

Lánàá, ó dijú. Mo ki aṣọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì."

"Èyí ńkọ́?"

"Aṣọ inú kóòtù. Ìka àárín ṣì dákẹ́. Méjì yòókù ti ń fọhùn."

Ó gba abẹ́rẹ́, ó ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan. Ojú rírán náà wọ́. Ó tú u, ó tún un rán.