Bí Mo Ṣe Kọ́ Ajá Mi Láti Sá

Bàbá onílé mi ní Àpòmù kò kórìíra ajá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ níbi tó ti ń fọ bútà àlùwàlá rẹ̀ nígbà keje, torí pé ajá mi ti fẹnu kàn án. Ìgbà méje ni ẹ̀sìn wí, kí ọ̀kan jẹ́ pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, Alhaji kò sì dín ọ̀kan kù. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó ní òun fún mi di Jímọ̀. Tí ajá náà kò bá tíì jìnnà sí bútà òun nígbà náà, kí n dá a padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí mo ti rà á ní Wásinmi.

Mo fẹ́ràn ajá yẹn. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi gbogbo ọjọ́ bá àwọn ọmọ iléèwé fà á ní Ìkirè, òun nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn pé mo dé. Mo ní kí Alhaji fọkàn balẹ̀, ajá tó bá ń jẹ́ ìpè kò ní débi bútà.

Dìgírì méjì ni mo ní, èkejì jẹ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ni. Mo wo fídíò òyìnbó kan lórí fóònù, tó ń pe ajá lórí koríko tútù. Mo ra bisikíìtì. Ajá mi jẹ ẹ́ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ra dòdò Ìkirè, ata inú rẹ̀ mú un sín, ó sì wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo ìbéèrè tí wọn kò kọ́ ọ. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń pa òwe ajá tí kò gbọ́ fèrè ọdẹ fún mi, bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Mo bá yí ọgbọ́n dà. Tí ládàánì bá ti ń pe ìrun, n óò pe ajá, n óò fi okùn so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé títí Alhaji yóò fi kírun tán. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó jẹ́ mi. Ọjọ́ kejì, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ládàánì kò tíì mí tán tí ajá fi fo ọgbà sínú oko pákí. Ládàánì ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ń wá. Èmi ń pe ajá kan ṣoṣo.

Ìyá onílé wà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ń wò mí.

“Tíṣà, ṣé ẹ ti pè é fún nǹkan tó dáa rí?”

Mo dárúkọ bisikíìtì. Ó ní bisikíìtì ẹ̀ẹ̀kan, okùn ní gbogbo ìpè ìrun tí mo bá wà nílé, èwo ni èmi náà yóò rántí? 

Jímọ̀ dé. Ní ìrọ̀lẹ́, bútà wà lẹ́bàá ògiri, omi kún inú rẹ̀. Alhaji jáde pẹ̀lú aṣọ funfun, ó dúró láti wò. Ládàánì bẹ̀rẹ̀ ìpè, mo pe ajá pẹ̀lú ohùn dídùn tí n kò fi bá ènìyàn sọ̀rọ̀ rí. Ó dìde, ó wò mí, ó fo ọgbà.

Kí Alhaji tó lanu, mo ní n óò wọ ọkọ̀ Wásinmi lọ́la. Ó ṣe àlùwàlá tirẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ó fọ ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Dá a padà kẹ̀? Kí ló ṣe?” ó ní. “Èmi ò sọ pé kó wá sọ́dọ̀ rẹ. Mo ní kó jìnnà sí bútà mi. Ó ti jìnnà.”

Ó ti ròyìn mi ní mọ́ṣáláṣí pé mo kọ́ ajá láti yàgò fún ìrun. Àwọn kan ti ní kí n wá kọ́ tiwọn.

Mo ti sọ okùn náà nù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọgbà, n óò máa pè é. Yóò jókòó sáàárín pákí, yóò máa wò mí, yóò máa retí kí n gbé abọ́ sílẹ̀ kí n wọlé.