Àgbàlagbà Kan Tó Di Èrò Rẹpẹtẹ

Fúláàtì ọmọ mi obìnrin ní Hor Al Anz, nílẹ̀ Lárúbáwá, ni mo ti wo àwọn apá àkọ́kọ́ nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan nípa ogun, èyí tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwòrán ṣì jẹ́ dúdú àti funfun. Wọ́n ní kí àwọn àgbàlagbà ìlú kékeré kan máa ṣọ́ etí òkun. Ìbọn ò kárí wọn. Àwọn kan gbé ọ̀pá ìgbálẹ̀ sí èjìká, wọ́n sì tò bí ẹni pé ọba fẹ́ kọjá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa fi ohun tí kò tó ṣiṣẹ́. Ohun tó wú mi lórí ni pé eré náà pa wá lẹ́rìn-ín láì sọ àwọn àgbà yẹn di ẹni yẹpẹrẹ.

Ọkùnrin sikiọ́rítì kan tó ń gbé ní bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan péré tó háyà nínú yàrá àjùmọ̀gbé, ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló ń bá mi wò ó. Géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Al Quoz ló ń ṣọ́. Lọ́sàn-án Friday kan, ó wọlé, kò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n.

"Mọ́mì, kọ́ńtíráàtì mi ti fẹ́ di khalas, ó ti fẹ́ parí o."

Mo ní kó jókòó, kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan ló wọlé láìní páàsì, òun sì kọ ọ́ sínú ìwé géètì lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: "They entered. I greeted them. They refused to stop." Ọ̀gá rẹ̀ fi odindi ọjọ́ kan wá àwọn yòókù nínú kámẹ́rà, ẹnì kan péré ló rí. Wọ́n ní ó parọ́. Lọ́sẹ̀ méjì sí i, yóò wá ṣàlàyé lójú àwọn ọ̀gá. Bí àlàyé náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ilé ló ń lọ yẹn.

"Èèyàn mélòó ló wọlé gan-an?"

"Ẹnì kan ni, Mọ́mì."

"Kí ló dé tó o fi kọ they?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó bú bàbá rẹ̀. "Wọ́n ti darúgbó, Mọ́mì! Gbogbo irùngbọ̀n wọn ló funfun. Ṣé kí n wá máa pè wọ́n ní he, bí ẹgbẹ́ mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rọra là á yé e pé "wọ́n" tiwa kì í bá wa dé inú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé géètì, he ni ọba pàápàá.

Eré yẹn la fi ń kọ́ ọ. Bí apá kan bá ti parí, á sọ ọ́ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ibi tí eré náà dára sí gan-an ló ń kó wa sí wàhálà. Olórí àwọn àgbà náà ń ṣe fọ́ńté, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n rò pé ọ̀tá ti dé, tó bọ́ síwájú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn, they ni ọkùnrin yìí ń pè é.

"They fell inside water."

"Àwọn mélòó?"

"Olórí wọn nìkan."

"Into the water. Tún un sọ."

"He..." Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ má bínú, sà. He fell into the water."

Ọmọ mi ké láti kíṣíìnì: "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín níbẹ̀ o! Yalla, ẹ tẹ̀ síwájú!"

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, ó gba ọ̀dọ̀ wa wọlé tòun ti yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ó ní òun sọ ọ́ bó ṣe yẹ: ọkùnrin kan, àgbàlagbà, he. Ọ̀gá àgbà wá bi í pé kí ló dé tó fi kọ they tẹ́lẹ̀.

"Mo ní, 'Sà, lédè tiwa, ẹ̀yin gan-an, they ni yín.' Wọ́n bi mí pé, 'So how many am I?' Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín."

"Kọ́ńtíráàtì ńkọ́?"

"Wọ́n ti fi ọdún kan kún un. Wọ́n ní kí n máa kọ iye èèyàn ná, kí n tó kọ nǹkan mìíràn."

"Ta ló buwọ́ lù ú?"

"Ọ̀gá àgbà fúnra wọn."

"Lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Ó bọ́ fìlà yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ná. "He signed it, Mọ́mì."