Àwọn Nọ́ńbà Tí N Kò Wò

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí a lò gbẹ̀yìn pa pọ̀, ìyàwó mi da fínígà sínú kẹ́tù. Omi Sharjah, ìlú tí à ń gbé lẹ́bàá Dubai, máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tù, ó sì kórìíra kí ó máa rí i nínú tíì. Ó gbé e kaná, ó ṣí fèrèsé ilé ìdáná nítorí òórùn kíkan náà, ó sì ké sí mi ní pálọ̀ pé kí n má bu omi inú rẹ̀ mu. Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbé ojú sókè.

Ìtàn ilé iṣẹ́ wa ni mo ń kọ. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ni wọ́n ń ṣe, irú bàlúù tí olówó kan tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kan ń rà fún ìrìn àjò tirẹ̀ nìkan. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Dubai, a ní ilé gbàgede kan létí pápákọ̀ òfurufú tí a ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ti tà sí agbègbè yìí. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ìwé ni mo ń tọ́jú. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe lára bàlúù, ọ̀dọ̀ mi ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí àjọ̀dún ilé iṣẹ́ náà ń súnmọ́, wọ́n wá ẹni tí yóò kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn oníbàárà. Ọ̀gá mi, ọmọ ilẹ̀ Índíà tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, ní èmi ni kí wọ́n fún, pé mo mọ̀wé kọ. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìtàn náà dùn lóòótọ́. Ọmọ àgbẹ̀ kan tó ń tún àwọn bàlúù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sóko ṣe, àti àna rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú abà kan tí wọ́n ti kó koríko ẹran kúrò. Kò sẹ́ni tó ra bàlúù àkọ́kọ́ wọn. Wọ́n tú u, wọ́n fi irin rẹ̀ ṣe òmíràn. Nígbà tí ọjà wá bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ọ̀kan nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì náà gbéra pẹ̀lú awakọ̀ méjì, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lófurufú. Rọ́bà tó yẹ kó yí etí ilẹ̀kùn ká ni wọn kò fi sí i. Wọ́n yí padà, wọ́n balẹ̀ láìfarapa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ìwé, ẹni tó yẹ kó yẹ iṣẹ́ náà wò ti buwọ́ lù ú. Orí àga rẹ̀ ló jókòó sí tó buwọ́ lù ú. Ó gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ gbọ́. Àwọn oníbàárà sá, ilé iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá sílé. Ọmọ àgbẹ̀ náà bá ṣe òfin kan tí a ṣì ń tẹ̀lé ní Dubai títí di òní: iṣẹ́ kan, ènìyàn méjì. Ẹnì kan yóò ṣe é, yóò buwọ́ lù ú. Ẹnì kejì yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó buwọ́ lu tirẹ̀.

Ibi tí mo ti sọ nípa òfin yìí ni mo ń kọ ní Sátidé yẹn.

Nígbà tí dókítà kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Dókítà ní kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Mo ṣe káàdì kan fún un bí a ti ń ṣe é níbi iṣẹ́: àyè ọjọ́, àyè nọ́ńbà, àyè ẹni tó wọ̀n ọ́n, àyè ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín.

“Dádì, ṣé èmi náà ti di bàlúù?”

“Jẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye ni ọ́.”

“Ẹ ṣáà má tà mí fún oníbàárà.”

Ní oṣù àkọ́kọ́, mo máa ń dìde lọ wo ojú ẹ̀rọ náà. Nígbà tó yá, mo ń jókòó sídìí tábìlì, òun á pe nọ́ńbà láti yàrá. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó bá mi wá síbí, Yorùbá ló sì fi ń pè é, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Màá kọ ọ́, màá buwọ́ lu àyè tèmi.

Sátidé kan wà, nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ ṣáájú, tó pe nọ́ńbà tó ga. Mo ní láti gbé e lọ sí kílíníìkì, ìdajì ọjọ́ sì lọ sí i. Mo pòṣé. Mo kàn pòṣé, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Láti ọjọ́ náà nọ́ńbà rẹ̀ kò ga mọ́. Mo rò pé oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

“Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin,” ó pè láti yàrá ní òwúrọ̀ tí mo ń sọ yìí, lẹ́yìn tó ti ṣe kẹ́tù tán.

“O ṣeun.”

“Ẹ ò wá wò ó?”

“Mo gbà ọ́ gbọ́, Mọ́mì. Jẹ́ kí n parí gbólóhùn yìí.”

Gbólóhùn náà nìyí, bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní èdè wa: kì í ṣe ìyẹ́ nìkan ló ń gbé bàlúù ró, ojú ẹnì kejì náà ń gbé e ró.

Lọ́sàn-án, ó ní orí ń fọ́ òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo lọ jí i fún oúnjẹ, kò lè gbé apá òsì, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Áńbúláǹsì tètè dé. Àwọn dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ tí ó fi kú.

Ọjọ́ kẹta ni mo mú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Ó máa ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà tó ti wọ̀n sẹ́yìn. Ti òwúrọ̀ Sátidé náà jẹ́ ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin lórí àádọ́fà. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ sẹ́yìn, mo gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń fi wọ́n wéra. Títí dé Sátidé tí mo pòṣé, kò sí ọjọ́ kan tí méjèèjì bára mu. Ó ń parọ́ kí n lè rí iṣẹ́ mi ṣe. Èmi ń buwọ́ lu irọ́ náà láràárọ̀.

Mo gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Abẹ́òkúta ni a sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, kò lọ síbi sàréè, nítorí àgbà kì í sin àbúrò. Yàrá ló jókòó sí, àwọn mọ̀lẹ́bí yí i ká. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ọkọ àbúrò mi, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, ṣé ẹ̀ ń bá a wò ó?”

“À ń wò ó, mà.”

“Ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ fi ojú yín rí i?”

“Mo fi ojú mi rí i, mà. Lójoojúmọ́.”

Mo sì yọ káàdì náà lápò. N kò rí àwáwí kankan fún mímú tí mo mú un dání. Mo ti mọ̀ pé wọ́n á bi mí. Ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àbúrò bàbá wọn kan fi ìka tẹ̀lé àwọn nọ́ńbà náà, ó ní, “Ẹ wò ó, ó mà tọ́jú rẹ̀ o. Ta ló ń ṣe èyí fún ìyàwó lóde òní?” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ọpẹ́ náà.

Mo padà sí Sharjah. Ìwé ìtàn náà jáde, wọ́n sì se àsè fún àwọn oníbàárà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai. Ọ̀gá kan tó wá láti òkè òkun ka gbólóhùn mi nípa ojú ẹnì kejì sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

“Dìde, kí wọ́n rí ẹ. Kí lò ń tijú sí?”

“Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Ẹsẹ̀ kọ́. Ìwọ àti ìrẹ̀lẹ̀ rẹ yìí.”

Ó ti wù mí láti sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi láti ọjọ́ ìsìnkú. Tí mo bá sọ ọ́, màá pàdánù ilé kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ. Tí n kò bá sọ ọ́, ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi ni màá máa jẹ títí ayé. Ìyàwó mi ló máa ń pe ilé nígbà ayé rẹ̀, tí èmi á kàn kí wọn láti ẹ̀yìn. Nísinsìnyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè, mo máa ń sọ pé mo wà níbi iṣẹ́.

Nínú ẹbí wọn, ẹrù obìnrin tó bá kú ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó bí i. Àwọn obìnrin ìjọ wa mẹ́ta wá dì í sínú páálí méjì. Mo lọ jókòó nísàlẹ̀ nínú mọ́tò títí wọ́n fi parí. Ọ̀kan nínú wọn mú ìwé tí wọ́n to ẹrù náà sí wá bá mi.

“Bàbá, ẹ kàn buwọ́ lù ú fún àwọn oníkágò. A ti ka gbogbo ẹ̀, khalas, ó ti parí.”

Mo buwọ́ lù ú.

Mo wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti sọ fún un pé ẹrù ń bọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́.

“Ẹ ṣé o, ọkọ àbúrò mi. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọwọ́ rere ló kú sí. Mo máa ń sọ ti káàdì yẹn fún wọn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò wò ó.”

“Kí lẹ wí?”

“Ẹ̀rọ yẹn, mà. Mi ò wò ó. Ó ń pe nọ́ńbà láti yàrá, mo ń kọ ọ́. Nọ́ńbà náà kì í ṣe òótọ́. Tòótọ́ ga gan-an. Mo sì ti mọ̀ kí n tó gbé káàdì wá sílé.”

Mo gbọ́ tó ní kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jáde.

“Ẹ dúró níwájú mi, ẹ fi káàdì yẹn lé mi lọ́wọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Àbúrò mi ò kí ń parọ́ lásán. Kí lo ṣe fún un?”

Láti ọjọ́ tí mo ti wá tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ wọn, kò pè mí ní “o” rí. Mo sọ ti òṣé náà fún un. Mo sọ ti Sátidé, àti pé ìyàwó mi bi mí bóyá n kò ní wá wò ó. N kò fi nǹkan kan pamọ́, n kò sì bẹ̀bẹ̀.

Ó ní, “Ẹrù tó ń bọ̀ yìí, ta ló dì í?”

“Àwọn obìnrin ìjọ.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ìsàlẹ̀ ni mo wà, mà.”

“O ò tún wò ó.”

Ó pa fóònù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo fa ìwé tí mo ti buwọ́ lù ya. Mo já tépù ara páálí méjèèjì, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Súwẹ́tà mi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rò pé tirẹ̀ ni. Bàtà aláwọ̀ ewé rẹ̀ ku ẹsẹ̀ kan. Mo rí ìkejì lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Abáyà dúdú méjì tó máa ń wọ̀ lọ sọ́jà wà níbẹ̀, àti gíláàsì ojú rẹ̀, tí ọwọ́ kan rẹ̀ ti ṣẹ́, tó sì ti fi òwú dì í. N kò mọ ìgbà tó ṣẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́ níwájú mi. Mo mú ohun kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, mo wò ó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó dá a padà sínú páálí. Mo ń jókòó sinmi láàárín. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó tán.

Mo fi mọ́tò gbé ẹrù náà lọ sí Deira, ní Dubai. Ọmọ Èkó kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù oníkágò náà. Ó wo ìwé mi, ojú ìwé mẹ́ta.

“Ha, Bàbá, ẹ kàn kọ ‘aṣọ’ sí i. Ta ló fẹ́ ka gbogbo èyí? Yalla, ẹ jẹ́ ká yára, mọ́tò wa ń lọ.”

“Ẹ ní kó dúró díẹ̀.”

“Wọ́n ti ń fọn fèrè fún mi láti àárọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, kò ní pẹ́.”

Ó mi orí, ó sì fa àga kan fún mi. N kò jókòó. Mo ṣí páálí kìíní lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, mo fi ẹrù inú rẹ̀ wé ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì. Lẹ́yìn náà mo buwọ́ lù ú, mo lẹ tépù mọ́ wọn, mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí méjèèjì, mo sì gbé wọn lé òṣùwọ̀n.