Ọjà Kan Ṣoṣo Lórí Fóònù

"Ẹ yọ àdírẹ́sì yẹn láàárín ọjọ́ méje, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ó yọ áàpù yín." Iléeṣẹ́ tó ni ọjà áàpù, níbi tí àwọn tó ní fóònù ti ń rí áàpù gbà, ló kọ ọ́ sí ọmọbìnrin mi, tó ṣe áàpù tó ń kọ́ni ní aṣọ rírán. Ọmọ mi ti kọ ọ́ sínú áàpù náà pé kí àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ wá sanwó ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Fola Agoro, dípò kí wọ́n sanwó nípasẹ̀ iléeṣẹ́ náà tó máa ń yọ ìpín tirẹ̀, torí àwọn télọ̀ Bàrígà kì í sanwó fún ẹni tí wọn ò rí.

"Ọjà wọn ni," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ṣé àwọn ló ra fóònù fún wa ni?" ni mo dá a lóhùn.

Bí wọ́n bá lé mi ní ọjà Onípanu, mà á kó ẹrù mi lọ sí ọjà Bàrígà. Ṣùgbọ́n fóònù yìí ò gba ọjà áàpù mìíràn. Ọmọ mi yọ àdírẹ́sì náà, àwọn télọ̀ ò sì wá mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún aṣòfin yín pé ọjà kan ò tó, kí wọ́n ṣòfin tí yóò jẹ́ kí fóònù gba ọjà mìíràn.