Ta Ló Ní Kí Wọ́n Kun Ogiri Yẹn?

Ogiri ilé ẹ̀kọ́ ti pa tísà wa, Mádáàmù Hedia Mbarki, ní ìlú Ayn Sfaya níbí. Yusra, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ló lọ jókòó sídìí ogiri, tó ń jẹ búrẹ́dì. Hedia sáré lọ tì í kúrò níbẹ̀. Ọmọ yè, ogiri wó lu tísà. Gómìnà ní kádàrá ni. Olórí ilé ẹ̀kọ́ ní òjò ni. Èmi ò gbà, n ò sì ní díbọ́n pé mo gbà.

Ẹ̀kọ́ ojúṣe ọmọ ìlú ni Hedia ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ̀kọ́ táwọn aláṣẹ kà sí yẹpẹrẹ. Bí tísà ìṣirò bá fẹ́ àkókò sí i, ti Hedia ni wọ́n máa ń gbà fún un. Kì í bínú. Á kó àwọn ọmọ jáde sínú ọgbà, á ní kí wọ́n wò yíká. "Kí lẹ rí tó bàjẹ́? Ta ló yẹ kó tún un ṣe? Ṣé ẹ ti sọ fún un?" Ọmọbìnrin mi mú ìbéèrè yẹn délé, ó bi mí pé ta ló yẹ kó tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, mo dìde, mo tún un ṣe. Irú tísà bẹ́ẹ̀ ni, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí.

Àwọn ọmọ yìí ló rí i pé ogiri ẹ̀yìn ọgbà ti lanu. Wọ́n sọ fún olórí ilé ẹ̀kọ́ wọn, Mùsíọ̀ Chedly. Ó ní òun ti gbọ́. Wọ́n tún sọ, ó tún gbọ́. Ni Hedia bá ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà tẹ̀lé ojú ibi tó là, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ MÁ JÓKÒÓ SÍBÍ.

Ẹ sì mọ àṣà wa. Bí ẹni ńlá bá ń bọ̀, inú ọkọ̀ akẹ́rù ni òdòdó ti ń sọ̀kalẹ̀ sí ìgboro. Bó bá ti lọ, òdòdó á bá a lọ. Nígbà tí gómìnà fẹ́ wá, wọ́n kun gbogbo ogiri ọgbà ní funfun. Ìlà pupa wọlẹ̀, ìkìlọ̀ wọlẹ̀. Hedia ní òun á tún un kọ. Chedly ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ba ọ̀dà ìjọba jẹ́. Lẹ́yìn náà ni Yusra dé, kò sì rí nǹkan kan ju ogiri tó mọ́ tónítóní. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Mo bi Bàbá Lazhar tó ń ṣọ́ géètì pé ta ló pàṣẹ ọ̀dà náà.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ ni?"

"Ṣé Chedly ni?"

"Mo ní n ò mọ̀! Ṣùgbọ́n nígbà tá a ń tọrọ katakata láti wó ogiri yẹn, ṣebí wọ́n ní kò sí? Báwo ló ṣe wá dé kí ọlọ́pàá tó dé, tó sì kó àwókù lọ pátá?"

Ẹ̀yin náà ẹ dá a lóhùn. Kí ló wà lára àwókù yẹn tí wọn ò fẹ́ ká rí?

Nígbà àdúà ogójì ọjọ́ Hedia, Chedly wá jẹ kùsúkùsú. Ó ní wọ́n á fi orúkọ Hedia sọ yàrá ìkàwé kan.

"Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá," ló wí fún ìyá olóògbé. "Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Chedly ọmọ mi," ni màmá dá a lóhùn, "ṣé Ọlọ́run ló gbé búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà?"

Chedly tẹjú mọ́ àwo oúnjẹ.

A ò fẹ́ yàrá ìkàwé. Orúkọ ẹni tó pàṣẹ ọ̀dà la fẹ́, àti ti ẹni tó rán katakata, kí wọ́n mú àwọn méjèèjì wá síwájú adájọ́. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ má sọ fún wa pé ẹ ṣì ń wádìí. Yusra ò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun lòún pa tísà, nítorí pé òun jókòó síbi tí kò yẹ. Ọmọdé ń ru ẹ̀ṣẹ̀ yín kiri ìlú, ẹ̀ ń wò ó. Ẹ jáde wá gbẹ́rù yín lórí ọmọ ọlọ́mọ.