Ṣálángá Tí Ọkọ Mi Gbẹ́

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Adó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ni ọmọbìnrin mi kejì kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó yàgbẹ́, ó bì, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú bá a. Mi ò sunkún. Lọ́jọ́ kẹrin mo padà síbi tí mo ti ń ṣe tíṣà ní àdúgbò Fájuyì, mo kọ ìṣirò sára bọ́ọ̀dù, mo pa á rẹ́.

Nígbà tí ọmọ aládùúgbò wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n pe wolé-wolé. Ó yọjú wo kànga tí ilé mẹ́rin jọ ń pọn, ó wá fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ṣálángá wa.

"Ìyá, òkè lẹ gbẹ́ ihò yìí sí, kànga wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá omi tí ẹ ń mu."

Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ṣálángá náà. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àwọn onílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé lọ́dọ̀ wòlíì Àládùúrà tó ń gbé òdìkejì wa. Ẹnì kan fẹ́ gbé ẹ̀bi náà lé wa lórí. Wòlíì dá a dúró.

"Tèmi náà ò jìnnà sí kànga. Ta ni tiẹ̀ jìnnà?"

Ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dí tèmi."

Àwọn ọkùnrin dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbẹ́ tuntun síbi tó rẹlẹ̀ ju kànga lọ, tó sì jìnnà sí i. Wọ́n gbọ́n kànga gbẹ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ẹnu rẹ̀ ga, wọ́n fi ìdérí onírin bò ó, wọ́n sì kọ́ àgádágodo sí i. Títí iṣẹ́ fi parí, odò tó wà lọ́nà Ìyìn làwa obìnrin ń lọ, a ń se omi náà ká tó mu ún. A fohùn ṣọ̀kan pé korobá kan ṣoṣo ni yóò máa wọ kànga, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọṣọ nítòsí rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, torí pé tíṣà ni mí. Mo gbà á.

Ara ọmọ aládùúgbò yá. Ìyá rẹ̀ wá kí mi, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Mo ní, "A dúpẹ́," bí ẹni ń kàwé jáde.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ọkọ mi jókòó, amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"O gbọ́ ohun tí wolé-wolé sọ lọ́jọ́ yẹn."

"Mo gbọ́."

"O ò bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ni kí n bi yín?"

Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ó jẹ ẹ́ tán. A bí ọmọ méjì sí i nínú ilé yẹn. Omi kànga náà ni wọ́n mu dàgbà. A ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.